Àwọ̀ awò kọ́ ni ààbò ojú: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tó ń ta awò dúdú l'Abẹ́òkúta

Sí ẹ̀yin olówò awò dúdú ní Ìtókú, Kútọ̀, Pánsẹ́kẹ́, Ṣàpọ́n àti Lafẹ́nwá, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé pátákó awò kiri láàárín ọkọ̀,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú oòrùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tí a fi ń bojú oòrùn fún wa, inú oòrùn náà lẹ ń dúró sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan ojú tiyín náà.

Aláró ni mí. Kẹ́mta ni mo ti ń rẹ aṣọ, Ìtókú ni mo ti ń tà á, ó ti pé ọdún 31 báyìí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ wà nídìí ìkòkò aró, ìdajì tó kù wà lórí àpáta. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, a ó sá a, a ó sì dúró tì í, kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, kí ewúrẹ́ má tẹ̀ ẹ́. Bí oòrùn ṣe ń pani látòkè ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta padà lára òkúta, tí ó ń wọ ojú ẹni láti ìsàlẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo ra awò dúdú kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri. N kò ní sọ bí ó ṣe rí tàbí ibi tó ń nà sí, nítorí ó dá mi lójú pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe mí níbi. Èmi ni mo ní kí ó fún mi ní èyí tó dúdú jù. Ó fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀ pátákó rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, èyí ni ojúlówó. Oòrùn ò lè gba inú ẹ̀ kọjá." Mo fi sójú, ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, mi ò jáde sórí àpáta láìwọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí kò ní awò a máa dijú wò mí, èmi a sì la tèmi sílẹ̀ kedere, inú mi a máa dùn pé mo ti ṣe ohun tó yẹ.

Nígbà tó yá, ojú mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún, ó ń pọ́n, ó ń ta bí ẹni pé yanrìn wà níbẹ̀. Mo di í ru eérú àti kọ́sítíìkì tí a ń lò nínú aró. Ọmọbìnrin mi ló wò mí dáadáa lọ́jọ́ kan tó ń dì mí ní gèlè, ó ní, "Mọ́mì, kí ló hù sí yín lójú yìí?" Ẹran tín-ín-rín kan ló ti hù láti igun ojú tó kọjú sí imú, ó ní ẹnu ṣóńṣó bí ìyẹ́ eṣinṣin, ó sì ti ń rá lọ sórí dúdú ojú. Dókítà ojú sọ fún mi pé pterygium ni wọ́n ń pè é, pé ìyẹ́ kékeré ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Gíríìkì. Ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, èéfín, afẹ́fẹ́ àti eruku ló sábà máa ń ṣe. Mo ní mo máa ń wọ awò ní tèmi. Ó ní kí n mú un wá.

Ó ki awò náà bọ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, ó wo nọ́ńbà tó gbé jáde, ó sì yí i sí mi kí n rí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán tó yẹ kí awò náà dá dúró ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Mọ́mì, àwọ̀ lásán ni wọ́n fi rẹ èyí."

Àwọ̀ lásán. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹnìkan sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún aláró.

N kò sọ pé awò yẹn ló hu ẹran sí mi lójú. Dókítà pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ohun tí kò dáàbò bò mí, àti pé ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni kò jẹ́ kí n dé akẹtẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí n wá ibòji.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ jígí awò tí wọ́n fi ọ̀rá líle ṣe, aró ni wọ́n ń rì í sí bí aṣọ. Wọ́n á po àwọ̀ sínú omi gbígbóná, wọ́n á ki jígí bọ̀ ọ́, bí ó bá sì ṣe pẹ́ sí níbẹ̀ ni yóò ṣe dúdú sí. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn: aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀kan á jẹ́ àwọ̀ sánmà, èyí tí a rì léraléra á dúdú bí ẹtù. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń dá ìtànṣán olóró dúró, omi mìíràn ni wọ́n ń pò ó sí, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àmì rẹ̀ lára jígí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé yóò ki jígí náà bọ omi méjèèjì. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná yóò ki í bọ omi àwọ̀ nìkan, torí pé àwọ̀ ni oníbàárà ń rí. Bí ẹ bá sì gbé méjèèjì síwájú mi lónìí, èmi tí mo ti ń fi ojú yan àwọ̀ láti ọdún 31, mi ò lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ìtànṣán tí mo ń sọ yìí, ultraviolet ni orúkọ rẹ̀, UV ni wọ́n máa ń kọ. Ó ń bá ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Johann Wilhelm Ritter, ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1801. Ó tan àwọ̀ òṣùmàrè sórí èròjà fàdákà kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú, ó sì rí i pé ibi tó dúdú jù ni ìkángun, lẹ́yìn àwọ̀ elésè àlùkò, níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Àwa aláró náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ. Aṣọ tí a bá sá gbàgbé sínú oòrùn, ó ń ṣá. Ohun tó ń jẹ aró kúrò lára òwú, ẹ ro ohun tí yóò máa ṣe sí ẹyinjú tó ń wò ó lójoojúmọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí dókítà náà sọ tó mú mi lọ́kàn. Ọmọlójú èèyàn máa ń fún pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó le, ó sì máa ń fẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ojú bá sì ń ta wá, a máa ń di í díẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí Ẹlẹ́dàá fi sí ojú nìyẹn. Awò dúdú máa ń tan ojú pé ilẹ̀ ti ṣú: ọmọlójú á fẹ̀, a kò sì ní dijú mọ́. Bí jígí náà bá ń dá UV dúró, kò sí ìyọnu. Bí kò bá dá a dúró, a ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè, a sì ti pa iná ilé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé awò dúdú tí kò ní ààbò lè ṣe ojú ní jàǹbá ju kí èèyàn má wọ nǹkan kan lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí wọ́n ń dijú lórí àpáta yẹn, ó ṣeé ṣe kí ojú tiwọn ní ìsinmi ju tèmi lọ.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú tí a ti ń fi oòrùn ṣeré. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń wà lókè orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní òṣùwọ̀n kan fún agbára UV. Láti orí 3 ni wọ́n ti ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó sábà máa ń dé 11 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọsánmà fẹ́lẹ́ kò sì ní kó má kọjá. Àjọ yìí kan náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 èèyàn ni kàtárátì ti fọ́ lójú káàkiri ayé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó ṣeé ṣe kí ti àwọn tó tó 10 wá láti ọ̀dọ̀ UV. Kàtárátì ni àìsàn tó ń sọ dígí inú ojú di funfun bí omi ìrẹsì. Àwọn kan ń sọ pé ará aláwọ̀ dúdú kò nílò awò. Àwọ̀ ara wa ń ran awọ lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ dígí inú ojú wa kò ní àwọ̀ dúdú kankan.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju pé, nígbà tí ẹ bá lọ kó ọjà, kí ẹ má fi bí awò ṣe dúdú tó tàbí orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sí i létí yàn án mọ́. Ẹ béèrè fún UV400. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé jígí náà ń dá ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ kò gùn tó nánómítà 400 dúró (nánómítà ni ìwọ̀n kékeré gan-an tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ibi tí UV parí sí nìyẹn, tí ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń kọ 100% UV sí tiwọn. Ẹ wo inú apá awò náà bóyá ẹ ó rí nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 4 tí wọ́n kọ "Cat." sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí jígí ṣe dúdú tó. Èyí tó jẹ́ 3 ló yẹ oòrùn tiwa. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà, ẹ má ta 4 fún un, nítorí ó ti dúdú jù fún ojú pópó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní bébà UV400 kò wọ́n, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ awò. Òótọ́ ni. Irú rẹ̀ ṣe àwa náà ní Ìtókú. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkèèrè kún ọjà, tí wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, àwa tí a ń fi ọwọ́ ṣe é kọ́ oníbàárà ní ohun kan: yí aṣọ padà, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aró gidi máa ń wọnú òwú dé ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n tẹ̀ máa ń ràn lójú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì. Oníbàárà tó bá ti mọ èyí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ kí ó yí aṣọ padà ló ń lọ.

Awò náà ní ẹ̀yìn tí a lè yí wò. Ṣé ẹ mọ iná aláwọ̀ elésè àlùkò kékeré tí àwọn tó ń gba owó púpọ̀ fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni? Ìtànṣán UV ló ń tàn. Ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ tan án sórí náírà bébà. Ẹ ó rí i pé nọ́ńbà dúdú ara owó náà ń tàn, ó di àwọ̀ ewé. Wàyí o, ẹ fi jígí awò sí àárín iná àti owó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì ń tàn ketekete, awò yẹn kò dá nǹkan kan dúró, bí ó ti wù kí ó dúdú tó. Bí títàn náà bá kú tàbí tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sàn. Mo sọ pé ó sàn, n kò sọ pé ó pé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn iná yẹn kò tan ju apá kan lára UV, nítòsí ibi tí ó parí sí. Ẹ fi ṣa èyí tó burú kúrò nínú ọjà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan iná náà sójú ẹnikẹ́ni o.

Ẹ̀rọ ọwọ́ dókítà yẹn ló ń sọ òótọ́ délẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe awò ojú tó ní ìwé àṣẹ ní irú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá dá owó jọ ra ẹyọ kan, kí ó wà lọ́wọ́ alága, kí ẹ máa fi yẹ ọjà wò kí ẹ tó pín in, ẹ ó rí i pé kò ní ṣe yín ní ìnira. Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ti gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀ fún awò oòrùn láti 1971. Àwa náà ní SON (Standards Organisation of Nigeria), àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, mo sì fẹ́ kí lẹ́tà yìí dé etí wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ibùdókọ̀ òkun àti ojú mi, ọwọ́ yín ni ìkẹyìn tí awò máa ń gbà kọjá.

Ẹ tún wò ó báyìí: ẹ̀yin náà lè ta awò tí kò ní àwọ̀ rárá. Jígí ọ̀rá líle kan wà tí wọ́n ń pè ní pólíkábónéètì, ó máa ń dá UV dúró fúnra rẹ̀, kì í sì í tètè fọ́. Ó lè funfun gbòò bí omi kí ó sì dáàbò bo ojú ju awò dúdú tèmi yẹn lọ. Òun ló yẹ kí àwọn ọlọ́kadà wa máa rà. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń wọ awò dúdú lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ nítorí eruku àti kòkòrò, tí wọn kì í rí kòtò títí wọn yóò fi kó sí i. Ẹ fún wọn ní funfun.

Awò tí wọ́n ń pè ní polarised dára fún awakọ̀, torí ó ń pa ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára ọ̀dà lẹ́yìn òjò. Ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá wo ojú fóònù láti inú rẹ̀ tí ẹ sì rọra yí fóònù náà: lára ọ̀pọ̀ fóònù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn níbì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni UV. Ẹ má fi ọ̀kan jẹ́rìí èkejì.

Awò kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, èyí tí kò bo ipéǹpéjú tán, ẹwà ló wà fún. Ìtànṣán ń gba ẹ̀gbẹ́ àti òkè wọlé. Èyí tó fẹ̀, tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú, ló dára. Bí ẹ bá lè so akẹtẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ so ó kọ́. Àwọn baba wa tó ń roko mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ má sọ fún wẹ́dà pé awò dúdú tó fún iná tó ń jó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òru ọjọ́ tó fi awò oòrùn jó irin, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó ní ata ni wọ́n rọ sí òun lójú. UV inú iná wẹ́dà ló jó ojú rẹ̀, ó sì máa ń tó wákàtí mélòó kan kí ìrora náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbòjú tiwọn wà lọ́tọ̀.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí awò ọdún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, tó ní ìràwọ̀ tàbí òdòdó létí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá tàbí Kérésìmesì ló ti máa ń kún pátákó yín, kò sì sí ọmọ tí kì í sunkún fún un. Èmi náà rà á fún àwọn tèmi, mo sì ya wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé dígí inú ojú ọmọdé mọ́ gaara ju ti àgbà lọ, pé UV tó ń gba inú rẹ̀ dé ẹ̀yìn ojú pọ̀ ju tiwa lọ. Ọmọ tó bá fi ọ̀rá aláwọ̀ lásán sójú, tó ń sá kiri nínú oòrùn ọ̀sán ọjọ́ ọdún láti ilé dé ilé, ohun tó ṣe mí ló ń ṣe òun náà, ojú tirẹ̀ sì rọ̀ ju tèmi lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó ní UV400 ní ìwọ̀n ojú ọmọdé, ẹ gbé e. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ta fìlà etí gbọọrọ fún wọn. Èyí dùn mí ju ti ojú ara mi lọ.

Ẹ ṣàánú àfín pẹ̀lú. Ojú wọn kò ní àwọ̀ tó yẹ kó bá wọn dín ìmọ́lẹ̀ kù, oòrùn máa ń ni wọ́n lára lọ́nà tí àwa tó kù kò lè mọ̀. Bí àfín bá dúró níwájú pátákó yín, èyí tí ẹ ti fi iná yẹ̀ wò nìkan ni kí ẹ nà sí i. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún un pé kò sí.

Wọn kò tíì gé ẹran ojú mi. Dókítà ní kò tíì dé orí ọmọlójú, pé kí n máa wọ awò tó dára, kí n máa dé akẹtẹ̀, kí n sì máa padà wá kí òun máa wò ó. Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e, ó lè hù padà bí mo bá tún fi ojú lásán sínú oòrùn.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Mo fẹ́ ra awò fún gbogbo wọn, kí n sì ra ọ̀kan mọ́ ọn fún ọmọbìnrin mi tó rí ẹran náà, méjìlá lápapọ̀. Mo lè lọ rà wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe awò ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo fẹ́ ti rà á, nítorí ọwọ́ yín ni ìlú yìí ti ń rà á. Mo ti ra iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ó wà nínú àpò mi. Ẹni tó bá ní ojúlówó kí ó gbé e wá sí ìsọ̀ mi ní Ìtókú ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ó béèrè ìyá aláró tó ń dé akẹtẹ̀. A ó jọ wọ inú ìsọ̀ níbi tó ṣókùnkùn, a ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí náírà, iye tó bá sì yege, mo ń san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá aláró kan ní Kẹ́mta, Abẹ́òkúta